Mo Jẹ Sààrì Lọ Síbi Tí Wọ́n Ti Fẹ́ Gé Ẹran Nínú Ẹ̀dọ̀fóró Mi

Gbági tuntun ni mo ti ń ta aṣọ, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́ n'Ìbàdàn. Léèsì ni mo ń tà jù, mo máa ń kó áńkárá kún un tí iléyá bá ti ń sún mọ́lé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí ọjà yìí, mi ò sì ka ìdì aṣọ sí ẹrù rí. Lọ́jọ́ kan nínú oyẹ́ ọdún 2022, mo gbé ìdì kan láti ilẹ̀ sórí pẹpẹ, àfi bíi pé ẹnì kan fọwọ́ dí mi nímú. Mo jókòó sórí àpótí. Ọmọ tó ń bá mi tajà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá wa, àgbà ti ń dé o." Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo rín tí ikọ́ fi gbé mi.

Ikọ́ àwúgbẹ ni, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kankan ò bá a jáde. Mo ní oyẹ́ ni. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí ikọ́ ò lọ, mo ní eruku aṣọ ni. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn kókó kan yọ sí ojúgun mi méjèèjì, wọ́n dúdú, wọ́n sì ń dùn mí wọra tí ìró bá kàn wọ́n. Mo fi òrí pa wọ́n. Ojú mi ọ̀tún pọ́n, kò sì fẹ́ rí oòrùn. Wọ́n ní apólò ni, mo ra oògùn ojú lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, mo ń kán an. Mẹ́ta ni ohun tó ń ṣe mí: ikọ́, ẹsẹ̀, ojú. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo wò wọ́n, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ra oògùn fún wọn. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ọsibítù tí mo kọ́kọ́ lọ, ikọ́ nìkan ni mo sọ fún wọn. Ta ló ń gbé ẹsẹ̀ lọ bá dókítà tó fẹ́ wo àyà? Wọ́n ya fọ́tò àyà mi, wọ́n rí funfun níbi tí kò yẹ kó wà. Wọ́n ní kí n ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike kékeré kan fún àyẹ̀wò ikọ́ ife, ìyẹn tíbì. Itọ́ nìkan ni mo rí tu. Wọ́n fi í sínú ẹ̀rọ GeneXpert, èyí tó máa ń gbé èsì jáde ní nǹkan bíi wákàtí méjì, ẹ̀rọ ò sì rí kòkòrò tíbì kankan. Dókítà ní fọ́tò àyà mi jọ ti tíbì gan-an, kí n máa lo oògùn lọ.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn tíbì ní Nàìjíríà, mi ò lè purọ́ pé inú mi ò dùn sí ìyẹn. Oṣù mẹ́fà ni: oògùn mẹ́rin tí wọ́n lù pọ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn, rifampicin, máa ń sọ ìtọ̀ dà bíi Fanta. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo rí i nílé ìtọ̀, mo fìdí jókòó sílẹ̀, mo ń pe àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tọ̀.

Àmọ́ ohun tó dùn mí jù kì í ṣe oògùn, abọ́ ni. Mo ya abọ́ mi sọ́tọ̀, mo ya ife mi sọ́tọ̀, mo ní kí ọmọ-ọmọ mi má sùn tì mí mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta, báwo ni kó ṣe yé e? Ní Gbági, ikọ́ kan ṣoṣo ti tó lé oníbàárà. Obìnrin kan tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi láti ìgbà tó wà lọ́mọge fi ìborùn bo imú, ó ní òun ń bọ̀. Mo ṣì ń retí ẹ̀.

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru dókítà yẹn. Tíbì pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá sì rí irú fọ́tò yẹn ní Nàìjíríà, tíbì ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù méjì pé tí ikọ́ ò yẹ̀, ó yẹ kẹ́nì kan béèrè ohun tó dé. Èmi fúnra mi ni mo tún wá bà á jẹ́ sí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ gba oògùn, tí wọ́n bá ní, "Mọ́mì, ara ńkọ́?", "Ó ń le, a dúpẹ́" ni mò ń wí. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu, bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni nìyẹn. Ìwé wọn wá kún fún "ó ń le", àyà mi sì ń há.

Oṣù kọkànlá ni mo parí oògùn. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, a lọ ṣe ìyàwó ní Gbọ̀ngàn Mápó, èmi ni mo ta aṣọ ẹbí. Ẹ mọ òkè Mápó, ẹ sì mọ àtẹ̀gùn ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dúró kí n tó gùn ún dé òkè, mo ń díbọ́n pé gèlè ni mò ń tún ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ ló gba báàgì lọ́wọ́ mi. Kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ló wá gbé mi nílé, ó ní à ń lọ rí dókítà àyà, kí n má wulẹ̀ bá òun jiyàn.

Ìyá àgbà ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Kò tíì wo fọ́tò tí a gbé wá tó fi béèrè pé, "Ojú yìí, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Ó ní kí n ká ìró sókè kí òun wo ẹsẹ̀. Ó béèrè iṣẹ́ mi, ó béèrè ohun tí mo fi ń dáná, ó béèrè bóyá à ń sin adìẹ tàbí ẹyẹlé nílé. Mo rò pé àròyé lásán ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé eruku ìyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ lè dá àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, tó jẹ́ pé oògùn tíbì ò ní ràn án rárá. Ó ní kí n lọ ya CT, fọ́tò tó ń fi inú àyà hàn ju fọ́tò lásán lọ.

Èsì CT fi àwọn kókó ńlá hàn níbi tí ọ̀nà èémí ti wọnú ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀tún àti òsì, wọ́n ṣe rẹ́gí bí ìbejì. Àwọn àmì wínníwínní sì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró bí ọkà tí wọ́n fọ́n sílẹ̀ fún adìẹ.

"Nǹkan mẹ́ta ló lè ṣe báyìí," dókítà wí. "Tíbì tó ya olórí kunkun. Jẹjẹrẹ àwọn kókó ara. Tàbí sarcoidosis."

Bàbá àwọn ọmọ mi tó bá mi lọ ní, "Ṣàkì?"

Láti ọjọ́ náà, Ṣàkì ni orúkọ àìsàn mi nínú ilé wa.

Ó ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ogun ara ló máa ń kóra jọ sójú kan bíi pé ọ̀tá wọlé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Wọ́n á wá di kókó kéékèèké. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n máa ń dó sí jù, ṣùgbọ́n wọ́n lè dé ojú, awọ ara, títí kan ọkàn. Caesar Boeck, dókítà awọ ara kan ní Norway, ló fún àìsàn náà ní orúkọ tó di èyí tí wọ́n ń pè é lónìí, ọdún 1899 nìyẹn, síbẹ̀ ohun tó ń fà á gan-an kò tíì hàn títí di òní. Ó ní kì í ràn. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Abọ́ mi ni mo rántí.

"Àmọ́ mi ò tíì sọ pé òun ni o," ó ní. "Àwòrán ò lè yà á kúrò lára méjì yòókù. Ẹran ló lè yà á. A máa gé díẹ̀ níbẹ̀."

Mo dúpẹ́, mo gba ìwé, mo sì sá lọ. Oṣù méje ni mo fi sá.

Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: "gé" nìkan ni etí mi gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ní wọn kì í fi irin kan kókó, pé tí irin bá ti kàn án, yóò tàn ká ara. Ó dárúkọ obìnrin kan ládùúgbò tí wọ́n gé ẹran lọ́yàn rẹ̀, tí kò lo ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn. Mo gbà á gbọ́, torí ó bá ẹ̀rù mi mu. Kò sí ẹni tó béèrè pé ọdún mélòó ni obìnrin náà ti fi ọyàn yẹn pamọ́ sábẹ́ aṣọ kó tó lọ fi hàn. Ẹni tí jẹjẹrẹ ti jẹ dé ìkángun kí wọ́n tó gé ẹran lára rẹ̀, ikú tó pa á kò bá ọ̀bẹ wọlé. Èmi tí mo ń gbé ìlú tí UCH, ọsibítù ńlá yẹn, wà láti 1957, tí àwọn èèyàn ń wọ mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn wá gbàtọ́jú níbẹ̀, ọjà Bódè ni mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́ ẹlẹ́gbòogi. Mo mu àgbo títí ẹ̀gbẹ́ eyín mi fi dúdú.

Ohun tó gbé mi padà kì í ṣe ọgbọ́n. Oníbàárà kan ní kí n mú léèsì kírímù wá, mo mú funfun lé e lọ́wọ́, mo ní, "Kírímù nìyí." Ó wò mí. Ó tún wo aṣọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà náà, aṣọ ni mo sì fi ń jẹun. Ojú tí mo ń pè ní apólò ti ń bá Ṣàkì lọ.

Dókítà ò bá mi wí nígbà tí mo padà. Ó kàn kọ ìwé sí oníṣègùn ojú lójú ẹsẹ̀, ó ní ojú ò lè dúró de àyà. Lẹ́yìn náà ló fi bírò ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Ó ní rọ́bà tí wọ́n máa tì gba imú mi kò nípọn tó bírò náà. Iná àti kámẹ́rà wà lẹ́nu rẹ̀, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀mú kékeré kan máa gbà kọjá lọ já ẹran. Ẹran náà kò ní tó èso ọkà bàbà kan. Ó ní láyé ìgbà kan, àyà ni wọ́n ì bá là láàárín egungun ìhà kí wọ́n tó rí irú ẹran yẹn. Ní báyìí, bí ohun tí wọ́n ń wá bá wà létí ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n lè fi CT tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà láti ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ èèyàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, wọ́n á fi oorun kun èèyàn, wọ́n á lu ihò kéékèèké bíi mẹ́ta sí i ní ìhà, wọ́n á sì ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́. Èyí tó gba imú ló rọrùn jù, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ gbìyànjú.

Lójú tèmi, sáńpù ni. Ẹni tó fẹ́ ta léèsì fún mi láti Kútọnu kì í gbé ìdì wá, sáńpù ló ń fi ránṣẹ́, mo sì ti ra aṣọ olówó ńlá lórí ègé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń ta aṣọ ló mọ̀ pé tí wọ́n bá gé sáńpù náà létí aṣọ, níbi tí iṣẹ́ ọnà ò dé, o ò tíì rí aṣọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ọmọ mi obìnrin ń ka ìtàn ohun èlò yìí fún mi lórí fóònù. Ó ní ní Jámánì lọ́dún 1897, dókítà kan tó ń jẹ́ Gustav Killian fi páìpù irin gba ọ̀fun àgbẹ̀ kan tí eegun ẹlẹ́dẹ̀ há sí lọ́nà èémí, ó sì yọ eegun náà. Mo ní ẹ̀san ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn. Ó ní irin gbọọrọ ni wọ́n ń lò títí di àwọn ọdún 1960 tí Shigeto Ikeda, ọmọ Jàpáánù, fi gbé èyí tó ń tẹ̀ bí rọ́bà jáde. Mo bi í pé irin gbọọrọ, láti ẹnu dé àyà? Mi ò sùn dáadáa.

Ẹ̀rọ ọ̀dọ̀ dókítà wa bàjẹ́ lásìkò yẹn, wọ́n bá kọ ìwé fún wa lọ síbòmíràn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, aago mẹ́sàn-án ọ̀la o. Ẹ gbààwẹ̀ wá."

Ààwẹ̀! Èmi tí mo ti ń gbààwẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Aago mẹ́rin kọjá ni mo jí, mo ro àmàlà, mo bu ewédú àti gbẹ̀gìrì sí i, mo jẹ ẹran méjì, mo mu omi dáadáa, mo sì pa ẹnu dé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Sààrì tó péye. Mo gba adúà, mo wọ Micra, mo dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, inú mi ń dùn pé mo ṣe bí wọ́n ṣe wí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn?"

Mo ní, "Mi ò jẹ nǹkan kan láti ìgbà tí mo ti jẹ sààrì."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí i pé mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ ló pe dókítà. Wọ́n wá ṣàlàyé ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣàlàyé lánàá: oògùn tí wọ́n máa fọ́n sí mi lọ́fun kò ní jẹ́ kí ọ̀fun mọ nǹkan kan, bí oúnjẹ bá sì gòkè wá lásìkò yẹn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ó kéré tán, wákàtí mẹ́fà láìjẹun. Wọ́n dá mi padà sílé pẹ̀lú àmàlà mi nínú, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ààwẹ̀ tiwọn àti ààwẹ̀ tèmi, ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú àyẹ̀wò yìí, ẹ ní kí wọ́n sọ aago fún yín: aago báyìí ni oúnjẹ máa dúró, aago báyìí ni omi máa dúró.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ebi ń pa mí gidi. Wọ́n béèrè oògùn tí mò ń lò, pàápàá èyí tó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa yára ṣàn, títí kan àgbo. Mo ní rárá. Wọ́n ti gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi nǹkan há mi níka láti máa ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ mi, ni ẹ̀rí ọkàn wá mú mi. Mo ní, "Dókítà, mo mu àgbo." Ọmọdé ọkùnrin ni. Ó jókòó, ó béèrè irú èyí tí mo mu àti ìgbà tí mo mu ún kẹ́yìn. Ó ti lé lóṣù kan. Ó tún yẹ èsì àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń dì wò, ó ní a lè máa lọ. Kò pariwo mọ́ mi. Mo rò pé irọ́ yẹn ló yẹ kó bà mí lẹ́rù ju rọ́bà lọ.

Oògùn tí wọ́n fọ́n sí mi lọ́fun korò ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ahọ́n mi dà bí ahọ́n ẹlòmíràn, mi ò mọ̀ bóyá mò ń gbé itọ́ mì àbí mi ò gbé e mì. Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ tó máa ń kun èèyàn lóorun díẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn wá ń dún bíi láti yàrá kejì. Ohun tó ti ń bà mí lẹ́rù láti oṣù méje ni pé mi ò ní rí èémí mí. Mo rí i mí. Rọ́bà náà kò dí gbogbo ọ̀nà. Ikọ́ ni ìyọnu tó wà níbẹ̀, ikọ́ tó dà bí ìgbà tí omi bá gba imú wọlé. Dókítà ti ní tí n bá ní ìrora láyà tàbí léjìká, kí n na ọwọ́ sókè, torí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀mú ti sún mọ́ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Mi ò na ọwọ́. Mo kàn húkọ́ púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde, dókítà sì dúró lẹ́yìn ègé méjì.

Wọn ò jẹ́ kí n mu omi títí wákàtí méjì fi kọjá tí ọ̀fun mi fi jí. Wọ́n tún ya fọ́tò àyà, láti wò ó bóyá afẹ́fẹ́ jò láti inú ẹ̀dọ̀fóró sí àárín rẹ̀ àti ìhà. Tèmi ò jò. Ti ọkùnrin tí wọ́n ṣe ṣáájú mi jò, wọ́n fi rọ́bà sí i níhà láti fa afẹ́fẹ́ náà jáde, ó sùn síbẹ̀ ọjọ́ mélòó kan kó tó lọ sílé. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní kò léwu rárá. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bá itọ́ mi jáde di ọjọ́ kejì, ara mi gbóná lálẹ́, ó sì lọ. Wọ́n ti kìlọ̀ pé tí àyà bá dédé dùn mí tàbí tí mi ò bá rí èémí mí dáadáa, kí n má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Nígbà tí èsì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ní ògiri ọ̀nà èémí nìkan ni wọ́n rí, pé kò sí ẹran ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀ tí àwọn lè sọ nǹkan kan lé lórí.

Etí aṣọ.

Èyí tó tún wá burú jù: ìgò méjì ni wọ́n fún ọmọ mi ọkùnrin gbé lọ sí láàbù, ọ̀kan fún àwọn tó ń wo ẹran lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, èkejì fún àwọn tó máa gbìn ín wò bóyá kòkòrò tíbì á hù. Fọ́málíìnì ló wà nínú ìgò méjèèjì. Fọ́málíìnì, omi tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì! Ó dára fún ti àkọ́kọ́, torí kì í jẹ́ kí ẹran rà. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ti kú nìyẹn, òkú kòkòrò kì í sì í hù. Omi oníyọ̀ ló yẹ kó wà nínú ìgò kejì. Ẹni tó gbé ìgò fún ọmọ mi kò sọ̀rọ̀, ọmọ mi náà ò mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo ti náwó ìdì léèsì méjì sí i, mo ti jẹ sààrì sí i, mo ti húkọ́ sí i, kò sì sí èsì kankan.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n ní tíbì ni mo ní lọ. Àwọn tó ní kí n má lọ tẹ́lẹ̀ rí ẹnu sọ̀rọ̀. Èmi alára fẹ́ padà sí Bódè.

Ọmọ mi obìnrin ni kò gbà. Ìwé ló fi kọ ìbéèrè sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kà á sí i létí bí agbẹjọ́rò. Ègé mélòó ni ẹ máa gé? Ó kéré tán mẹ́rin sí mẹ́fà láti inú ẹ̀dọ̀fóró, dókítà wí, a ó sì mú lára ògiri ọ̀nà èémí náà lọ́tọ̀, torí Ṣàkì (òun náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀) máa ń wà níbẹ̀. Ìgò wo ló wà fún kí ni? Ta ló máa gbé e? Ṣé a lè rí ohun tí wọ́n kọ sára ìgò? Ọmọ mi tún béèrè ẹ̀rọ tó kà nípa rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi gáàsì sọ ẹnu rẹ̀ di yìnyín kí ẹran lè lẹ̀ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí wọ́n á fi fà á já. Ìyá àgbà mọ̀ ọ́n, cryobiopsy ni wọ́n ń pè é. Ó ní ègé tó ń mú wá tóbi ju ti ẹ̀mú lọ dáadáa, ó sì ti ń gba àwọn kan lọ́wọ́ kí wọ́n tó lu ihò sí wọn níhà, pàápàá àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ń le gbagidi. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ jíjò rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀mú lọ, ó fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ́ lára, kò sì sí lọ́dọ̀ wọn. Ó ní fún kókó bíi tèmi, èyí tó dára jù ni rọ́bà tó ní ẹ̀rọ ìwoyún kékeré lẹ́nu, tí abẹ́rẹ́ máa gba ògiri ọ̀nà èémí kọjá wọnú kókó gan-an. Ìyẹn náà ò sí lọ́dọ̀ wọn. "Ohun tó wà lọ́wọ́ wa, tí a bá lò ó dáadáa, ó lè tó," ó ní. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé kò fi ohun tí kò ní pamọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì rọrùn fún mi, torí mo ti mọ ojú ọ̀nà. Mi ò jẹ nǹkan kan láti alẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin di ìgò méjèèjì mú bí ẹni gbé ẹyin, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn fún nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì.

Láàbù ní kí a tún lọ gba ẹran àkọ́kọ́ wá fún àfiwé. Ẹnu yà mí. Mo rò pé wọ́n ti sọ ọ́ nù. Ó jọ pé wọ́n máa ń rì í sínú ìda, á dì, wọ́n á sì máa rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti wò, èyí tó kù á wà nípamọ́. Èèyàn lè gbà á, kó gbé e lọ fún ẹlòmíràn láti tún wò láìjẹ́ pé wọ́n tún gé òun. Bí ẹ bá ti gé ẹran rí tí èsì ò dá yín lójú, ẹ béèrè ìda yín kí ẹ tó tún gba rọ́bà sí imú.

Nígbà tí èsì dé, ìyá àgbà yà á sọ́nà fún wa. Granuloma wà níbẹ̀, àwọn kókó kéékèèké yẹn. Tíbì náà máa ń ṣe granuloma. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ti tíbì sábà máa ń kú láàárín, á rọ̀, á funfun bíi wàrà.

"Wàrà wo?" ọkọ mi béèrè.

"Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà," ó ní. "Ti ìyàwó yín ò ní wàrà." Wọ́n ti fi aró pàtàkì wá kòkòrò tíbì nínú ẹran náà, wọn ò rí i. Ṣùgbọ́n ó ní a ó ṣì dúró de èyí tí wọ́n gbìn, torí kòkòrò tíbì kì í yára hù, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Oògùn prednisolone tó fẹ́ fún mi máa ń tú àwọn ọmọ ogun ara ká, tó bá wá jẹ́ pé tíbì wà níbẹ̀, yóò rí àyè gbilẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ìgò fọ́málíìnì yẹn gbà lọ́wọ́ mi. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú mi nìkan ni mo lò títí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fi pé. Nǹkan kan ò hù.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ prednisolone. Ebi máa ń pa mí bí ẹni tó lóyún ìbejì, mi ò kì í sùn, ṣúgà mi gòkè, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, àwọn ará Gbági ń kí mi kú oríire, wọ́n ní owó ti dé. Wọ́n ti sọ fún mi pé èèyàn kì í dédé já a, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù. Mo gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan yìí. Ikọ́ ti lọ. Ojú ọ̀tún padà, àmọ́ kò padà tán, mo máa ń gbé kírímù síta sínú oòrùn kí n tó gé e.

Mo da abọ́ mi pọ̀ mọ́ ti gbogbo ilé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan tó ń ta bàtà ní ìsọ̀ kejì sí tèmi ní wọ́n fẹ́ ṣe tiẹ̀. Mo kó gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un: ìgò, ìda, ọ̀rọ̀ àgbo, iye ègé. Mo gbàgbé ọ̀kan. Aago márùn-ún ku díẹ̀ ìdájí ọjọ́ náà ni fóònù mi dún.

"Àlhájà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀kọ mímu náà wà nínú sààrì tí wọ́n ní..."

Mo ní, "Gbé ife yẹn sílẹ̀."